Ṣẹ́ẹ̀tì Ọ̀gá Olùdánwò

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Kí n tó kí ọ, jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ohun tó wà nílẹ̀. Ìdáhùn kan àtààbọ̀ ni o jẹ mí. Lẹ́tà tí mo kọ nígbà tí òtútù mú ọ, o ò fèsì. Èyí tí mo kọ tẹ̀ lé e, ìdajì rẹ̀ lo dáhùn, o wá fi ìdajì tó kù ṣe ẹlẹ́yà. Mo bi ọ́ pé irú ìdánwò wo ni wọ́n ń ṣe tí kò ní ìwé kíkà, o ní, "Màmá, ẹ má ṣèyọnu, eré lásán ni." Eré lásán ni kì í jẹ́ kí o rí oorun sùn? Ìwọ lo kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra rẹ. Torí náà gbèsè wà lọ́rùn rẹ, èmi ò sì jẹ ọ́ ní nǹkan kan.

Ó yá, o kú ọjọ́ mẹ́ta, Ọ̀gá Kékeré. Ara ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Ṣé o ń jẹun, àbí o tún ti ń mu tíì lásán sùn?

Ilé wà dáadáa. Yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé-ìwé ti kún ṣọ́ọ̀bù, a ò rí ibi jókòó mọ́. Orí òkìtì aṣọ ni mo wà tí mo fi ń kọ ìwé yìí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń kí ọ. Aláròyé ṣì ń ṣàròyé. Ó jó kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì kan lánàá, ó ní áyọ́ọ̀nù náà ló gbóná jù, bí ẹni pé ó yẹ kó tutù.

Wàyí o, dá mi lóhùn. Ta ló ń dán yín wò? Kí ni wọ́n fẹ́ rí? Kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí wọn ò bá rí i? Má fi èyí tó burú pamọ́ fún mi. Mo ti dàgbà tó ẹni tó ń gbọ́ ọ.

Ìyá rẹ ni.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kejì

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àárò mi. Ẹ má bínú nípa gbèsè yẹn. Mo ń sá fún un ni, torí ìròyìn inú rẹ̀ kò dára.

Ẹ rántí pé ọdún méjì àkọ́kọ́ nìkan ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ilẹ̀ òkèèrè yìí ṣèlérí pé àwọn á san owó ẹ̀kọ́ mi. Kí wọ́n tó san ti ọdún méjì tó kù, wọ́n máa ń yẹ akẹ́kọ̀ọ́ wò bóyá ó lè ṣe aṣáájú. Wọn kì í béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ èèyàn o. Wọ́n á ṣe bí ẹni pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, wọ́n á wá máa wo ohun tí èèyàn máa ṣe sí i.

Àwa mẹ́fà ni wọ́n kó sí yàrá kan, tábìlì róbótó kan wà láàárín. Wọ́n ní omi ti ya wọ ìlú kan, ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣoṣo ló sì kù. Wọ́n fún kálukú ní ìwé tirẹ̀: ìwọ lo ni ilé ìwòsàn, ìwọ lo ni ilé-ìwé, ìwọ lo ni ilé àwọn arúgbó. Ẹ jọ pinnu ẹni tó máa lo ọkọ̀. Kò sí olórí láàárín yín. Àwọn olùdánwò mẹ́ta jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń kọ̀wé. Bí ẹnì kan bá mí kanlẹ̀, wọ́n á kọ ọ́. Làwọn yòókù bá bẹ̀rẹ̀ ariwo. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó dàgbà ju gbogbo wa lọ, ó ti bímọ méjì; mo ń dúró kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò sọ̀rọ̀. Ìgbà tí màá fi la ẹnu, aago ti dún.

Lẹ́yìn náà wọ́n mú mi jókòó sí ọ́fíìsì kan, wọ́n ní ọ̀gá ibẹ̀ rìnrìn àjò, kí n dá àwọn lẹ́tà tó wà lórí tábìlì rẹ̀ lóhùn. Ìyẹn nìkan ni mo yege. Èyí tó kẹ́yìn, wọ́n mú òṣèré kan wọlé, wọ́n ní kó ṣe bí òṣìṣẹ́ tó ń bínú torí pé mo gé owó rẹ̀. Màmá, ọkùnrin náà ti hewú. Bó ṣe wọlé báyìí, mo dìde. Ó jágbe mọ́ mi, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú." Ó tún jágbe, mo tún bẹ̀ ẹ́. Mi ò rántí jókòó mọ́ títí a fi parí.

Ọ̀gá olùdánwò pè mí lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ga bí ilẹ̀kùn, èjìká rẹ̀ òsì wọlẹ̀ díẹ̀, kò sì sí ṣẹ́ẹ̀tì tó máa wọ̀ tí apá rẹ̀ máa dé ọrùn-ọwọ́. Ká ní ẹ rí i ni, ẹ̀ bá ti yọ téèpù. Ó ní òun ò sọ pé mi ò gbọ́n, òun kàn ò rí aṣáájú kankan nínú yàrá yẹn ni. Wọ́n máa tún dán mi wò lẹ́ẹ̀kan sí i, lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta. Tí mi ò bá yege, owó parí nìyẹn, màá sì padà wálé láìní ìwé ẹ̀rí.

Ẹ kàn máa gbàdúrà fún mi. Kò sí nǹkan mìíràn tí ẹ lè ṣe.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

"Kò sí nǹkan mìíràn tí ẹ lè ṣe." Èmi lo kọ ìyẹn sí?

Ọ̀gá Kékeré, mo kí ọ o, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì, mo tún pe Bàbá Tíṣà, onílé wa, kó bá mi kà á, bóyá ojú mi ló ń ṣe mí. Ojú mi ò ṣe nǹkan kan. Omi ya wọ ìlú tí kò sí, ẹ ń fi ọkọ̀ tí kò sí kó àwọn èèyàn tí kò sí, wọ́n wá ní ọmọ mi ni àwọn ò rí!

Àgbàlagbà jágbe, o dìde, o bẹ̀ ẹ́. Kí ni wọ́n fẹ́ kó o ṣe, kó o fọ́ ọ létí? Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kí wọ́n wá mú mi.

Ṣé wọ́n mọ̀ pé nígbà tí wọ́n dá mi dúró sí ọsibítù, ìwọ lo di ṣọ́ọ̀bù mú? Aláròyé àti Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ ń jà sí áyọ́ọ̀nù, wọ́n fa aṣọ oníbàárà ya sí méjì. O ò lu ẹnikẹ́ni. O jókòó sáàárín wọn, o ní kí àwọn méjèèjì jọ rán an padà, ẹnì kan láti òkè, ẹnì kan láti ìsàlẹ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ dìde títí wọ́n á fi pàdé. Nígbà tí mo fi dé, gbogbo iṣẹ́ ti jáde, wọ́n sì ti ń pè ọ́ ní Ọ̀gá Kékeré. Ibo làwọn tó ń kọ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wà lọ́jọ́ náà?

Torí náà mo ti ṣe ohun tó yẹ kí abiyamọ ṣe. Mo rò ó fún Bàbá Tíṣà, ó fi èdè wọn kọ ọ́ sí ọ̀gá olùdánwò, lẹ́tà tó gún régé, ojú ewé mẹ́ta. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Aláròyé fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì, ó ní àkọ́kọ́ ò lẹ́wà.

Ẹnu lásán kì í sì í bẹ èèyàn ńlá. Mo rán ṣẹ́ẹ̀tì kan fún un. Má tíì pariwo. O ní ó ga bí ilẹ̀kùn. Mo pe káfíńtà tó wà ní òdìkejì títì, òun náà ga bí ilẹ̀kùn, mo ní kó sọ èjìká òsì kalẹ̀. Ó ní, "Ìyá Aránṣọ, ta là ń dáṣọ fún, èmi ni àbí ẹni tí mọ́tò gbá?" Mo ní kó dúró jẹ́ẹ́. Mo fi íǹṣì méjì kún apá. Aṣọ funfun tó nípọn ni, èyí tí mo ti ń tọ́jú de oníbàárà tó bá mọyì aṣọ. Owó ìfiránṣẹ́ ju owó aṣọ lọ, àmọ́ mo fi wé owó ẹ̀kọ́ ọdún méjì, mo rí i pé èmi ni mo jèrè. Àná ni mo fi í ránṣẹ́, lẹ́tà wà nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá tún mú òṣèré wá, gbà lọ́kàn rẹ pé ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi kun irun rẹ̀.

Ìyá rẹ, tí ó lè ṣe nǹkan.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ṣe yìí?

Ẹ má bínú pé mi ò kí yín bó ṣe yẹ. Ojú ń kán mi ni. Lẹ́tà yín dé láàárọ̀ yìí. Ẹrù yẹn kò tíì dé.

Níbí, bí ẹ̀bùn bá ti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣèdánwò dé ọ̀dọ̀ olùdánwò, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni. Wọn kì í béèrè bóyá ìyá ló fi ránṣẹ́ tàbí ọmọ. Kì í ṣe máàkì ni wọ́n máa yọ, èèyàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n máa ń yọ. Lọ́dún tó kọjá, àbúrò bàbá akẹ́kọ̀ọ́ kan pe olùdánwò wá jẹun nílé. Oúnjẹ lásán o. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọmọkùnrin yẹn ti ń di ẹrù. Èmi ni mo bá a gbé àpótí kan sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn.

Mo mọ ìdí tí ẹ fi ṣe é. Nílé, tí ìyá bá ránṣọ fún tíṣà ọmọ rẹ̀, gbogbo ayé á ní ìyá náà moore. Mo mọ̀. Àwọn wọ̀nyí ni ò mọ̀.

Mo sáré lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń pín lẹ́tà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Obìnrin tó wà níbẹ̀ ní ẹrù máa ń pẹ́ ju lẹ́tà lọ, ó lè dé nígbàkigbà. Láti ọ̀la, àràárọ̀ ni màá máa lọ wò ó. Obìnrin náà fẹ́ràn mi, ó sì máa ń bẹ àwa akẹ́kọ̀ọ́ pé ká bá òun gbé ẹrù lọ fún àwọn olùkọ́. Tí mo bá ní kó fún mi, á fún mi. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Odò kan sì ń ṣàn lẹ́yìn ilé tí à ń gbé. Màmá, ẹ rí irú èrò tó ti ń wá sí mi lọ́kàn?

Kí lẹ kọ sára ẹrù náà? Ṣé orúkọ mi wà níbẹ̀? Ṣé ẹ lè gbà á padà? Kí ni Bàbá Tíṣà tiẹ̀ kọ gan-an? Ẹ tètè fèsì, ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Orúkọ rẹ wà níbẹ̀. Gàdàgbà gàdàgbà ni mo kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ ọ̀gá náà, pé ìyá rẹ ló fi ránṣẹ́, kó má bàa lọ ṣe ọmọ ẹlòmíì lóore. Mo tún fi bírò pupa fàlà sí i nídìí.

Mi ò lè gbà á padà. Bí mo ṣe ka lẹ́tà rẹ tán, téèpù ṣì wà lọ́rùn mi, mo ki eré mọ́lẹ̀ lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Akọ̀wé ibẹ̀ ń jẹ ẹ̀pà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá ẹrù kan padà."

"Ìgbà wo lẹ fi ránṣẹ́?"

"Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ṣé ẹyẹlé ni, tí a máa súfèé fún kó padà wálé?"

Mo ní màá sanwó. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ẹni àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa jókòó sí ọ́fíìsì tó máa sọ fún mi pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní kí wọ́n bá mi fi tẹlifóònù pe kọ́lẹ́ẹ̀jì yín. Ẹnì kan gbé e lọ́hùn-ún, ó sọ èdè tirẹ̀, mo sọ tèmi, ó gbé e kalẹ̀.

Ó ku Bàbá Tíṣà. Mo lọ bá a, mo ní, "Bàbá, kí lẹ kọ?" Ó ní ohun tí mo sọ náà ni. Mo ní kó mú ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó kà á sí mi létí, kó máa túmọ̀ rẹ̀. Ó kà á, ó kà á, ó dé ìparí, ó wúkọ́. Mo ní, "Ẹ má wúkọ́, ẹ kà á." Ó ti fi kún un pé èyí kéré, pé tí ọmọ bá yege tán, ìgbà náà ni wọ́n á tó mọ irú ẹni tí a jẹ́.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ fi ìyẹn sí i?"

"Ìyá Aránṣọ, bí wọ́n ṣe ń parí lẹ́tà nìyẹn."

Bàbá ò mọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan. Èmi náà ì bá má mọ̀, ká ní kì í ṣe lẹ́tà rẹ.

Ní ti odò tó o sọ. Mo ti wà nídìí ẹ̀rọ láti ọ̀sán, mi ò rán ojú kan. Mò ń ṣírò rẹ̀. Tó o bá gbé e tí wọn ò mọ̀, ó parí. Tó o bá gbé e tí wọ́n wá mọ̀, o ti fi olè jíjà kún ẹ̀ṣẹ̀ tí kì í ṣe tìrẹ. Tó o bá lọ sọ fún ọkùnrin náà, ẹnu ara rẹ lo fi lé ara rẹ wálé yẹn. Mo kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé kó o gbé e. Ibi tí mo fi ìlà pa lókè yìí nìyẹn. Mo tún fẹ́ kọ ọ́ pé kó o sọ òtítọ́, mo bá rántí ọmọ tẹ́ ẹ jọ gbé àpótí. Láti kékeré ni mo ti ń sọ ohun tí wàá ṣe fún ọ, láti orí bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Eléyìí, mi ò mọ̀ ọ́n. Ọlọ́run rí mi, mi ò mọ̀ ọ́n.

Èyí tó tún wá burú jù ni pé lẹ́tà yìí ò lè bá ọ kó tó di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Bí mo ṣe ń ronú yìí, ó lè jẹ́ pé o ti ṣe é tán.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Màmá mi,

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Mi ò tíì rí èsì yín, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi yín.

Ẹrù dé lánàá. Obìnrin tó ń pín lẹ́tà tajú kán rí mi, ó ní, "Ìwọ aláràárọ̀, wá wo nǹkan tó ti ọ̀dọ̀ yín wá! Wàá bá mi gbé e lọ fún un, àbí?" Kò dúró kí n dáhùn tó fi gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo rí orúkọ mi. Mo rí ìlà pupa. Mo gbé e rìn yí gbogbo ọgbà ká. Òróró ẹ̀rọ wa ń rùn lára rẹ̀. Mo gbé e dé etí odò, òótọ́ ni mò ń sọ, mo dúró síbẹ̀ títí ẹsẹ̀ mi fi tutù. Mi ò lè jù ú. Kì í ṣe pé mo jẹ́ èèyàn rere o. Ẹ̀yin ni mo kàn ń rí, tí ẹ ń fi eyín gé òwú.

Mo gbé e lọ bá a. Mo ní, "Sà, ìyá mi ló rán ṣẹ́ẹ̀tì yìí fún yín. Ó fẹ́ kí ẹ ràn mí lọ́wọ́. Mi ò ní kó ṣe é, ṣùgbọ́n èmi ni mo sọ bí èjìká yín ṣe rí fún un." Ojú tì mí dé ẹ̀yìn ọrùn. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká òsì rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Kò tú ẹrù náà. Ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé, bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri gan-an. Ó ní dandan ni kí òun gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìgbìmọ̀, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin ni wọ́n máa jókòó. Ó ní kí n ṣì wá ṣe ìdánwò lọ́la. Tí ìgbìmọ̀ bá ní kí n máa lọ, wọn ò kàn ní ka máàkì rẹ̀ ni.

Mo ní, "Sà, èyí tí ẹ ń kọ yìí, ṣé ó máa gbè mí àbí ó máa pa mí?"

Ó ní òun ò lè sọ.

Lọ́la, èmi ni màá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, bí ẹ ṣe wí. Mi ò tíì mọ ohun tí màá sọ.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹrin

Ọ̀gá Kékeré,

Lẹ́tà rẹ dé lónìí. Ọ̀túnla ni ìgbìmọ̀ máa jókòó. Bí mo bá tiẹ̀ ní ìyẹ́ tí mo lè fi fò, mi ò mọ fèrèsé tí màá bà lé.

Mi ò bínú pé o ò jù ú sódò. Mi ò sì lè purọ́ pé inú mi dùn. Nígbà tí mo ka ibi tó o ti sọ fún un pé ìwọ lo ròyìn èjìká rẹ̀, mo pa lẹ́tà náà dé, mo lọ ń ká aṣọ tí wọ́n ti ká tẹ́lẹ̀. O gba tèmi mọ́ tìrẹ. Ta ló rán ọ níṣẹ́ ìyẹn?

Bàbá Tíṣà wọlé lọ́sàn-án, ìwé àti bírò ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ká kọ sí ìgbìmọ̀ kíá, pé òun á fi ọgbọ́n kọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jókòó, ẹ mu omi."

"Ká kàn jókòó báyìí?"

"Ká kàn jókòó báyìí."

Ó jókòó, ó mu omi. A jọ ń wo títì. Aláròyé rìn wá, ó ní ṣé bóyá bí òun ṣe fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì ló ba nǹkan jẹ́. Ó ti ń sunkún kó tó béèrè. Mo ní kó lọ gbálẹ̀. Oníbàárà kan yọjú, ó ní ọmọ wa ńkọ́. Mo ní ó wà dáadáa. Ẹnu mi sọ ọ́ kí n tó rò ó.

Bóyá o kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní ìdánwò yẹn, bóyá ìyẹn náà ló tún bà á jẹ́, mi ò mọ̀. Má tẹ̀ lé ìmọ̀ràn mi mọ́ torí pé èmi ni mo gbà ọ́. Mo jókòó síbí, mi ò rí yàrá náà, mi ò rí tábìlì náà, mi ò rí ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Tí wọ́n bá ní kó o máa bọ̀, máa bọ̀. Aṣọ àwọn oníbàárà ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ, màá kó wọn kúrò. Tí wọ́n bá ní kó o dúró, ìlà àkọ́kọ́ ni kó o kọ ọ́ sí. Má béèrè àlàáfíà mi kó o tó sọ ọ́, mi ò ní lè ka ìkíni já.

Mo ti ṣírò ọ̀nà lẹ́tà. Bí wọ́n bá jókòó lọ́túnla, tó o sì kọ̀wé lọ́jọ́ kejì, kò ní pẹ́ ju ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlélógún lọ kó tó dé ibí. Mi ò ní gba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù yìí, ni mò ń retí èsì rẹ.